Bí Mo Ṣe Kọ́ Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi ní Gẹ̀ẹ́sì

Níbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, àbúrò ọkọ mi kan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní ọkọ mi ló wá iṣẹ́ fún olóògbé náà ní bárékè Ọ̀jọ́, òun náà ló sì rí i pé ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi, tó ti di arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ṣe é lóòótọ́. Ìlà kejì ni mo jókòó sí. A kì í jà níbi òkú. Ṣùgbọ́n òkú ti wọlẹ̀ báyìí, àlejò ti tú ká, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tó ń bá èèyàn bo irọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ. Iléèwé mi ni mo ti kọ́ ọ, lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko.

N kò ní pe orúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ìbáà ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta tí ikun ń yọ nímú rẹ̀, bí wọ́n bá ti bí i kí ìyàwó tó dé, ọkọ ni ọmọ náà jẹ́ fún un. Ìyàwó á wá orúkọ mìíràn tó dùn fún un. Ẹni tó bá dàgbà ju ọkọ ẹni lọ, a kì í tilẹ̀ fẹnu sún mọ́ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ọdún mẹ́wàá ló fi ju ọkọ mi lọ, ó sì ti lé ní ogójì ọdún nígbà tí mò ń wí yìí. Ó yẹ kí n máa kọ 'wọ́n' bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan àti ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀ ogunlọ́gọ̀. Kó forí jì mí níbi tó wà.

Ìgbà tí owó epo dé ni. Ọkọ mi jẹ́ akọ̀wé ní wáàfù Àpápá. Ọkọ̀ òkun pọ̀ lójú omi nígbà náà, wọ́n ń tò bí ẹni tó tò sídìí kànga, sìmẹ́ǹtì ń le sínú wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọkọ mi ń jáde ní Ìbà, a ó sì ti jẹun tán kó tó wọlé. Ó ra fáànù, ó ra rédíò ńlá onígi, ó ra àga mẹ́rin tí a fi ọ̀rá bò kí wọ́n má bàa dọ̀tí. Òun fúnra rẹ̀ ni kì í sí nílé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la jọ ń wo ara wa.

Ọkọ tirẹ̀ jẹ́ sójà. Ó lọ sógun abẹ́lé, kò padà. Kò rí ọmọ bí fún un. Wọ́n gba yàrá bárékè lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ẹrù, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Lójú àwọn èèyàn, opó ni. Nínú ikùn tèmi, dálémosú ni mo ń pè é. Ọmọ ilé ni, ìyàwó ni mí, nítorí náà òun ló ni ilé ìdáná. Kọ́kọ́rọ́ àpótí oúnjẹ wà ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, mò ń kọ́ ogójì ọmọ ní Òkókómáíkò, síbẹ̀ bí mo bá dé lọ́sàn-án, ẹnu ọ̀nà ni mo máa dúró sí láti bèèrè kí n tó fọwọ́ kan ìkòkò. Bó bá rí mi tí mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, á ní, "Máa kàwé lọ, ìyàwó. Ìwé kì í sunkún lóru, kì í bèèrè ọmú."

Ní ọdún kejì tí mo dé ilé náà, oyún oṣù márùn-ún wálẹ̀ lára mi. Ọkọ mi wà ní Àpápá. Èmi nìkan ni mo ti ọsibítù bọ̀. Mo bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìyànà Ìbà, mo fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ẹ̀gbọ́n ń yan ẹja. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Omi ti tán nínú àmù." Mo gbé garawa, mo lọ sídìí kànga. Ẹni tó bá ní kí n gbàgbé ìyẹn, kó wá bá mi pọn omi náà.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, nígbà ọyẹ́, ó wá bá mi níléèwé. Wọ́n ń la títì ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì lọ́wọ́. Katakata ń ru eruku sókè látàárọ̀ dalẹ́, gbogbo ewé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pọ́n bí ohun tí wọ́n fi osùn kùn. Àwọn ọmọ ti lọ sílé. Mò ń nu pátákó nígbà tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀fọ́ lórí. Kò wá síbẹ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán, mà. Ta ló kú?"

"Ṣé ó di ìgbà tí èèyàn bá kú kí n tó mọ ọ̀nà ibí ni? Bá mi gbé agbọ̀n yìí sọ̀."

Ó tọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀fọ́, ó fa bébà kan yọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ìyàwó sójà, ló fi ránṣẹ́ sí i láti bárékè. Wọ́n ń wá àwọn obìnrin tí yóò máa ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ibẹ̀: kí wọ́n máa gba aláìsàn wọlé, kí wọ́n máa fún wọn ní káàdì, kí wọ́n máa ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Opó sójà ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n onítọ̀hún gbọ́dọ̀ lè sọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú àwọn ọ̀gá, nítorí oríṣiríṣi èdè ló wà nínú bárékè. Ẹni tí wọ́n bá gbà yóò ní yàrá kan àti ilé ìdáná tirẹ̀.

"Mo gbọ́ ti bárékè," ló wí. "'You fit waka? Wetin dey do you? Make you siddon.' Mo gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ní wọn ò fẹ́ ẹ. Ti inú ìwé ni wọ́n ń fẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ọkọ mi?"

"Àbúrò mi? Ẹ̀rín ló máa rín." Ó wo ilẹ̀. "Mi ò fẹ́ kú sílé bàbá mi bí àlejò tí ò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mí láàánú. Kò tíì ṣe mí. Yàrá kan àti ilé ìdáná tirẹ̀: èyí tí etí mi mú nìyẹn. Bó bá yege, yóò lọ. Bó bá lọ, ilé á di tèmi. Mo sọ fún un pé a ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Gbọ́, ìyàwó," ó ní. "Nílé, ìyá ọkọ rẹ ni mo jẹ́. Níbí, ìwọ ni tíṣà. Ilé ò gbọdọ̀ gbọ́ ti ibí."

"Ibí náà ò ní gbọ́ ti ilé, Ẹ̀gbọ́n."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Lójoojúmọ́, bó bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa kúnlẹ̀ kí i. Yóò ní, "Dìde, tíṣà." Èmi á dìde, òun á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, orúnkún rẹ̀ á máa kan tábìlì kékeré yẹn. Ọ̀gá iléèwé wa rí wa lọ́jọ́ kẹta. Ó bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá iléèwé àwọn àgbàlagbà ni ìjọba ní kí n dá sílẹ̀, ó sì kó ṣọ́ọ̀kì lọ. Ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀kì páálí mẹ́fà tó ń jẹrà nínú àpótí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ra tèmi ní ọjà Ọ̀jọ́, tí mo ń dì í sínú hańkáṣíìfù.

Ó ti mọ Yorùbá kà, ó sì mọ̀ ọ́n kọ, nítorí náà orúkọ nǹkan ò ṣòro fún un. Ìbéèrè àti ìdáhùn ò ṣòro. Ibi tí iṣẹ́ wà ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń tì síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe: 'can', 'may', 'must', 'should'. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òyìnbó obìnrin tó kọ́ wa fi odindi táàmù kan kọ́ wa ní wọn, ó sì fi wọ́n sú wa. Mo mọ̀ pé bí mo bá kọ́ Ẹ̀gbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ mi, oorun ló máa sùn. Mo wá ronú pé nílé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí gan-an ni iṣẹ́ náà. O máa bi aláìsàn bóyá ó ní agbára láti rìn. O máa sọ fún un pé wọ́n ti yọ̀ǹda kó wọlé. O máa sọ èyí tó jẹ́ dandan, pé kó má fi oògùn sílẹ̀. O máa sọ èyí tó yẹ, pé kó lọ sinmi. Agbára, ìyọ̀ǹda, dandan, ohun tó yẹ. Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí igun mẹ́rin pátákó, mo ní kó wá fi ọ̀rọ̀ ilé wa kún abẹ́ wọn.

'Can' ló kọ́kọ́ mú. "I can cook. I can carry water. I can kill chicken." Ó ń kà á bí ẹni tó ń ka oríkì ara rẹ̀.

'May' ló bí i nínú. Mo ní kó bọ́ síta, kó kan ilẹ̀kùn, kó ní "May I come in?"

"Èmi? Kí n máa tọrọ àyè kí n tó wọlé?"

"Àwọn ọ̀gá sójà lẹ máa bá níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ lọ ṣe é kí n wò ó."

Mo bọ́ síta. Mo dúró nínú oòrùn, mo kan ilẹ̀kùn kíláàsì mi, mo ní, "May I come in?" Ó jókòó síbẹ̀, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ohùn tí o fi ń bèèrè ìkòkò lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Ó ní, "Yes, you may," ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo délé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Kò yíjú padà. Ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ní, "Wọlé. Má bèèrè mọ́."

Ní ti 'must', ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Ó dìde dúró sọ ọ́. "You must sweep the yard! You must not burn the soup! You must greet me!" Bẹ́ǹṣì ń mì.

"Ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu," ó ní.

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n kí n tó kọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n."

Ó yẹ kí n ti gé ahọ́n mi jẹ. Ó tẹjú mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú, tó ní láti di apá rẹ̀ kan mú. Ọdún kẹfà tí mo ti wà nílé náà nìyẹn, n kò tíì sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín rí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá kọjá lọ́jọ́ náà yóò rò pé ọ̀rẹ́ ni wá.

'Should' ló pẹ́ jù. Ó ní kò yé òun ìdí tí èèyàn á fi máa sọ ohun tó yẹ dípò kó pàṣẹ rẹ̀. Nígbà tó yé e tán, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi í sọ ohun tó ti kọjá, ohun tó yẹ kí èèyàn ti ṣe tí kò ṣe. Mo ní kó lọ kọ gbólóhùn márùn-ún wá. Inú agolo ìrẹsì ló ń fi ìwé rẹ̀ pamọ́ sí nílé. Ó mú un dé lọ́jọ́ kejì, ó nà án sí mi, ó wá lọ dúró sójú fèrèsé, ó ń wo àwọn tó ń la títì.

Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ti ewúrẹ́ àti òjò. Karùn-ún ni: "I should have cook for you the day you come from hospital."

Mo kà á. Mo tún un kà. Ọ̀rọ̀ tí àgbà ilé kì í sọ fún ìyàwó ni. Nínú èdè wa, kò sí bó ṣe máa gbé e gba ẹnu. Ọ̀nà ìwé ló gbé e gbà wá. Ọwọ́ mi ti mú bírò pupa. Mo fi 'ed' kún 'cook', mo sọ 'come' di 'came', mo máàkì gbólóhùn náà, mo dá ìwé padà fún un. Olùkọ́ ni mí. N kò mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ mi lè ṣe.

Ó wo pupa náà. "Ṣé ó ti dáa báyìí?"

"Ó ti dáa, mà."

A jọ rìn délé lọ́jọ́ náà. Ní gbogbo ìgbà tẹ́lẹ̀, òun ló ń ṣáájú. Láti ìgbà náà, n kò lè sọ pé kó lè kúrò nílé nìkan ni mo fi ń kọ́ ọ. Mo fẹ́ kó yege. Mo ń lá àlá rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọkọ mi rí ìwé nínú agolo ìrẹsì. Ó ń wá nǹkan jẹ. Ó gbé e wá sí pálọ̀, ó ń ṣí i bébà bébà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹja tútù là ń ká. Èyí tó ti gbẹ, ṣé ó ṣe é ká mọ́?"

Mo rí i tí ojú Ẹ̀gbọ́n ṣókùnkùn. Mo rò pé ó tán nìyẹn. Ó gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "You must not laugh at your senior," ó ní. "You may eat gari. The rice is not for you." Ọkọ mi wò mí, bí ẹni pé kí n wá túmọ̀ rẹ̀. Mo ní mo rò pé akọ̀wé wáàfù gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ tó na sókè níbi ìsìnkú yẹn, ẹ̀bà ló fi jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí kan tó mọ̀wé wá, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo gbàyè níléèwé, mo bá a lọ. Ọ̀gá sójà mẹ́ta jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn kan, ọkùnrin méjì àti olórí àwọn nọ́ọ̀sì. Kò sí ọmọ Yorùbá nínú wọn. Akọ̀wé kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, ó tilẹ̀ kí wa pé ẹ káàárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan ilẹ̀kùn. "May I come in, sir?" Wọ́n ní kó wọlé. Kò jókòó títí wọ́n fi ní kó jókòó. Nọ́ọ̀sì bi í pé bí obìnrin kan bá gbé ọmọ tí gìrì mú dé, tí èèyàn mẹ́wàá ti wà níwájú rẹ̀, kí ló máa ṣe. "She must not wait," Ẹ̀gbọ́n ní. "The people should give her way. If they cannot give her, I can carry the child in." Nọ́ọ̀sì kọ nǹkan sílẹ̀. Mo mọ ojú ẹni tó ń kọ ohun rere. Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ìgbà náà ni ọ̀gá tó jókòó láàárín, ọkùnrin kan tó sanra, kọjú sí mi. Ó ní àwọn kan ti ń rán ọmọ ìyá wọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe ìdánwò dípò wọn, nítorí náà ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó mú wá. "Madam, what is the full name of this woman?"

Mo ti múra ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀, mo ti múra ilé àti ìwà rẹ̀ sílẹ̀. Kò wá sọ́kàn mi pé wọ́n á bèèrè orúkọ. Fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tó wà níwájú ọkùnrin náà. Ọwọ́ mi ti kọ ọ́, ẹnu mi ò gbé e rí. Mo la ẹnu.

"She is my husband's elder sister, sir."

"I did not ask you that. Her name."

Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Mo wo ilẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ogójì ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo dúró síbẹ̀ bí odi. Ó bèèrè ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ní mẹ́fà. Ó bèèrè ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ní inú ilé kan náà ni à ń gbé.

"Six years in one house, and you don't know her name!" Ó pa fáìlì dé. Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà yẹn mọ ohun tó ṣe mí. Ọmọ ilé Yorùbá ni, ìyá rẹ̀ náà jẹ́ ìyàwó ilé kan. Ó ń fi ìwé bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bó bá wà láyé, kó mọ̀ pé mo rántí.

Ẹ̀gbọ́n dìde. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

"Sir, she knows it. She can call it. Her mouth is not sick. But she may not."

"Why not?"

"She is my wife, sir."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Ọkùnrin kejì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ń wá omi mu.

"I am her husband," Ẹ̀gbọ́n ní, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín rárá. "Me, and my brother, and all the children of my father. She meet us in the house. In our place, wife must not call the name of people she meet in the house. If she call it quick for you, then you should drive me, because she is not my wife. She is somebody I pick on the road."

Nọ́ọ̀sì ti fi ọwọ́ lé ẹnu. Ọkùnrin tó sanra rọra ṣí fáìlì padà. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ náà.

Ẹ̀gbọ́n ronú díẹ̀. "I can give her permission. It is my own name. Today she may." Ó yíjú sí mi, ó bọ́ sínú èdè wa. "Ìyàwó mi. Pè mí."

Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ilé àwọn sójà. Mo pè é. Mo pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, mo pe èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, mo pe oríkì rẹ̀ mọ́ ọn, mo fi orúkọ ọkọ rẹ̀ tó kú sógun parí rẹ̀.

"Ẹ̀n," ó dáhùn.

Bí ọmọdé tí wọ́n pè láti ẹ̀yìnkùlé ló ṣe dáhùn. Kò mọ̀ pé òun dáhùn. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ti kú, ọkọ rẹ̀ ò bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ilé ń pè é. Ta ló kù láyé tó máa pè é bẹ́ẹ̀? Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku títì ni. Eruku títì ò dé inú yàrá yẹn.

Lójú ọ̀nà ilé, a bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìyànà Ìbà. Níbẹ̀ ló ti ní, "Ohùn rẹ dára. O yẹ kí o máa kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ìyẹn nìkan ni ó sọ nípa rẹ̀ títí ó fi kú.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Ó gbé e wá fún mi nílé ìdáná, mo ní kó kà á fúnra rẹ̀. Ó kà á, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ó dé ibi tí wọ́n ti ní ó gbọ́dọ̀ wá lọ́jọ́ Ajé, ní aago méje. Ó dúró síbẹ̀.

"Ta ni wọ́n ń sọ 'must' fún?"

"Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Èmi." Ó ká lẹ́tà náà. "Ó ti wá kàn mí."

A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, ọbẹ̀ sì jó mọ́ ìkòkò. Kò bá mi wí. Nígbà tí ọkọ mi dé lálẹ́, ó ní òun mọ ẹnì kan ní bárékè náà, òun ti ń gbèrò láti bá a sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni irọ́ ìsìnkú yẹn ti hù. Àwọn ará ilé ló ń bomi rin ín láti ìgbà náà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ru àpótí rẹ̀ dé ojú títì. Ó ti tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó ti fi í sọ́wọ́ mi. Ohun tí mo torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, n kò sì mọ ohun tí mo máa fi ṣe. Ó wọ mọ́tò, ó yọ orí láti ojú fèrèsé, ó ń pàṣẹ. Kí n má jẹ́ kí àmù gbẹ. Kí n so ewúrẹ́ kí òjò tó dé. Kí n má fi ata púpọ̀ sí oúnjẹ àbúrò òun, inú ti ń run ún láti kékeré. Awakọ̀ fọn fèrè, kò dá a lóhùn.

"You should sleep in the afternoon," ó ní. "You must eat before you go to school. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Má kàn máa sọ pé o gbọ́."

"Màá jẹun, mà. Màá sùn."

Mọ́tò ṣí. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń lọ, ṣùgbọ́n ariwo katakata ti bo ohùn rẹ̀. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, eruku bò mí, mo ń dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni, mà, bẹ́ẹ̀ ni, títí n kò fi rí mọ́tò náà mọ́.